Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kọjú Sí Orí

Èmi ni olùkọ́ wa kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ kò bá mọ ìyẹn, ohun tí mo ṣe kò ní yé yín.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ni, ní Kaduna, ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ènìyàn bíi tiwa. Iṣẹ́ ẹ́síréè ni wọ́n ń kọ́ wa, bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán eegun tó wà nínú ara ènìyàn. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ẹ̀yà ara jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Malali nínú ọgbà olódi gíga. Kò nílò owó oṣù tí wọ́n ń fún un. Ó kàn fẹ́ràn láti máa kọ́ni ni. Bí ẹnì kan bá dáhùn ìbéèrè dáadáa, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní, "Madalla!" bí àwọn Hausa ṣe ń sọ pé ènìyàn káre. Ní ọdún kìíní, kò sẹ́ni tó gba "Madalla" tó mi. Tí mo bá délé ní Mando, ìyá mi á béèrè pé, "Mélòó lo gbà lónìí?" Màá sọ fún un, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì ni ọmọbìnrin náà dé. Ìlọrin ló ti ṣe ọdún kìíní tirẹ̀, kí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ áfáà, tó kó ẹbí rẹ̀ wá sí Barakallahu láti wá máa kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, híjáàbù funfun ni ó máa ń wọ̀, yíǹkì kì í sì í kúrò ní ìka rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbọ́ tí mò ń fi Yorùbá bú bírò mi tí kò kọ̀wé mọ́. Ó yí sí mi kíákíá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé Yorùbá ni yín?"

"Yorùbá ni mí."

"Alhamdulillahi! Mo ti rò pé èmi nìkan ni màá máa bá ara mi sọ ọ́ níbí."

Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí láti ọjọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, Hausa rẹ̀ kò sì ju ìkíni lọ. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ohun tí olùkọ́ bá sọ fún un, èmi ni mo máa ń bá a bá agbowó ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Òun náà á máa fi mí rẹ́rìn-ín torí Yorùbá tèmi, Yorùbá ẹni tí wọ́n bí sí Kaduna, tí kò lè sọ gbólóhùn márùn-ún kí Hausa má yọjú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú pátákó: cephalad.

"Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni," ó ní, "ó ń sọ ibi tí nǹkan kọjú sí. Tí aláìsàn bá dúró, tí mo ní kí ẹ yí ojú ẹ̀rọ sí òkè, ẹ mọ ibi tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n tí ó bá sùn sílẹ̀ ńkọ́? Òkè ti di àjà ilé nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi nílò ọ̀rọ̀ tí kò ní yí padà. Cephalad, apá orí ni, ì báà dúró, ì báà sùn. Caudad, apá ẹsẹ̀ ni." Ó wá gbọn ẹfun ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ta ló lè sọ fún mi ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀?"

Mo nawọ́. Mo tún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sọ, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn," ó ní. "Ìdí rẹ̀ ni mo béèrè."

Ni ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bá nawọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àyè láti jáde. Ó ń wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a-d tó wà níparí rẹ̀ yẹn, ṣé òun náà ló wà níparí caudad?"

Bàbá náà gbé ẹfun sílẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó pa á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. "Madalla! Madalla! Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Lọ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wá sọ fún gbogbo wa."

Ó ń wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Èmi ni ó máa ń wò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan gbóná ní àyà mi, ó sì dúró síbẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. "Àǹtí, ṣé ẹ rí bí inú bàbá ṣe dùn?"

"Mo rí i."

"Ẹ ó bá mi wá a, àbí?"

"Ìwọ ló fún níṣẹ́. Kò fún mi níṣẹ́."

"Haba, Àǹtí!" Èmi ni mo kọ́ ọ ní "haba" yẹn. Ó rò pé mò ń ṣeré ni. Nígbà tí a dé Kawo, níbi tí a ti máa ń pínyà, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń juwọ́ sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó dé, mo ti wà ní láìbìrì. Yàrá kan ṣoṣo ni láìbìrì wa, pẹ̀lú pẹpẹ mẹ́ta àti obìnrin Hausa kan tó ń ṣọ́ ọ, tó máa ń fi òwú ṣe ọnà sí ara fìlà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìwé atúmọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti já. Mo gbé e sórí tábìlì, mo wá ọ̀rọ̀ náà rí. Ìwé náà ní ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò fún orí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kẹfálè, ìparí rẹ̀ sì jẹ́ ti Látìn, ad, tó túmọ̀ sí "síhà". Èdè méjì ni wọ́n rán pọ̀ di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo wo caudad náà. Látìn ni tirẹ̀ látòkè délẹ̀: kauda ni ìrù, ad sì ni síhà. Síhà ìrù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan, mo sì fi í sápò.

N kò ní purọ́ fún yín pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe lẹ́yìn náà. Mo wo obìnrin náà. Ojú rẹ̀ wà lára fìlà. Mo gbé ìwé atúmọ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, mo sì tì í sẹ́yìn àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀. Mo gbọn eruku aṣọ mi. Mo kí obìnrin náà pé ó dàbọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ò rí ìwé atúmọ̀ ńlá yẹn ní láìbìrì? Èmi àti màmá tó wà níbẹ̀ wá a títí."

"N kò rí i."

"Àbí ẹnì kan ti gbé e lọ ni?"

"Bóyá," mo dáhùn. Mo sì fún un ní ìdajì kósè mi, àkàrà àwọn Hausa, torí n kò lè wo ojú rẹ̀ kí ọwọ́ mi wà lásán.

Ọ̀sẹ̀ yí po. Olùkọ́ ní kí ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú. Ó mú ìwé kékeré kan dání. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀, òun kò rí ìwé tí òun ì bá fi wá a. Ṣùgbọ́n bàbá òun sọ fún òun pé nínú èdè Lárúbáwá, bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ènìyàn, kó kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ jọ, kó wo ohun tí wọ́n fi jọra. Òun wá ka gbogbo ohun tí a ti kọ sílẹ̀ láti ọdún kìíní, nínú ìwé tèmi tí òun yá, òun sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní a-d níparí jọ. Ó kà wọ́n: dorsad, síhà ẹ̀yìn, ventrad, síhà ikùn, laterad, síhà ẹ̀gbẹ́, caudad, cephalad. "Gbogbo wọn ló ń sọ ibi tí nǹkan kọjú sí. Nítorí náà, a-d yìí ló túmọ̀ sí síhà. Ó wá ku ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo rántí àìsàn tí omi fi ń kún orí ọmọ ọwọ́, tí ẹ kọ́ wa ní oṣù tó kọjá. Cephal wà nínú orúkọ àìsàn yẹn náà. Nítorí náà, orí ni. N kò mọ èdè tó jẹ́, sà. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

Ìwé tèmi ló fi ṣe é. Mo ti ní gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ láti ọdún kan sẹ́yìn, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí láti tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Olùkọ́ kò tíì sọ nǹkan kan tí mo fi nawọ́. N kò tilẹ̀ dúró kó pè mí. "Sà, Gíríìkì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kẹfálè. Látìn ni ìparí rẹ̀."

"Ó dáa. Níbo lo ti rí i?"

"Nínú ìwé atúmọ̀ tó wà ní láìbìrì."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọbìnrin náà yí ojú sí mi. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ìgbà tí ẹnì kan kí ènìyàn lójú títì, tí onítọ̀hún kò sì rántí ibi tí òun ti mọ̀ ọ́n.

"Madalla," olùkọ́ sọ fún mi, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí kíláàsì. "Èyí kà á. Tọ̀hún rò ó." Ó wá na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà, ó ní kó jẹ́ kí òun mú ìwé kékeré rẹ̀ lọ sílé, kí òun fara balẹ̀ kà á. Ìwé mi kò dé Malali rí.

Ọmọbìnrin náà jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì bó ṣe máa ń ṣe. Kò béèrè nǹkan kan. Ní Kawo, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Àǹtí," ó sì sọ̀kalẹ̀. Ìbá dára kó bú mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí wọ́n fi kó wa lọ sí ilé ìwòsàn kan láti lọ fi ọwọ́ ara wa ṣiṣẹ́. Méjì méjì ni wọ́n pín wa, wọ́n sì pín èmi àti òun pọ̀. Bíríkìlà kan tó ṣubú láti orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé wá bá wa. Eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká rẹ̀ ti kán. A rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Olùkọ́ ní kí a yí ojú ẹ̀rọ díẹ̀ sí cephalad, ó sì bọ́ sí yàrá kejì lọ wo àwọn tó kù.

Èmi ni mo di ẹ̀rọ mú. Mo ń rò ó bí màá ṣe ṣe é kó dára ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ni mo bá yí i sí apá ẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin náà súnmọ́ mi. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí aláìsàn má bàa gbọ́. "Àǹtí, apá orí ni."

"Mo mọ̀," mo ní.

Bó ti sọ ọ́ ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ká ní ẹlòmíràn ni, ǹ bá yí i padà lójú ẹsẹ̀. Torí pé òun ni, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá kò ní burú jù. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí fíìmù jáde, eegun náà ti rá mọ́ àwọn eegun ìhà, ènìyàn kò lè mọ ibi tó ti kán. Olùkọ́ pe gbogbo kíláàsì jọ, ó gbé e sí ojú iná. "Ta ló gbé ẹ̀rọ báyìí?"

"Àwa méjèèjì ni, sà," mo ní.

Mo gbọ́ tí ó mí sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò já mi nírọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún gbogbo kíláàsì!" Ojú bàbá náà rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ tún un ṣe."

Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, sà." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkìlà náà, ó fi Hausa rẹ̀ tó ṣì ń kọsẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé pẹ̀lẹ́, kó ṣe sùúrù: "Sannu, Baba. Yi hakuri." A tún ọkùnrin náà tẹ́. Ó fi eyín di etí aṣọ rẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ohùn. Ìgbà yẹn ni ohun tí mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí tó hàn sí mi kedere. Owú tí mò ń jẹ ti dé ara ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ní Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Barakallahu. N kò dé ilé wọn rí. Bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó gbé wàláà lé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni Àǹtí rẹ̀ nìyẹn! Ó ní ìwọ lo rí ìdí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí òun kò rí. Mo ní ṣé ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ìyá rẹ̀ bu kunu fún mi. N kò lè mu ún. Ọmọ wọn jáde, ó jókòó tì mí lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ yíǹkì ìka rẹ̀ nínú abọ́ omi.

"Èmi ni mo gbé ìwé atúmọ̀ yẹn pamọ́," mo ní.

"Mo mọ̀, Àǹtí. Màmá láìbìrì rí i lọ́jọ́ tó ń gbálẹ̀. Ó ní ìwọ nìkan ni o ti débẹ̀ kí èmi tó dé… ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan." Ara rẹ̀ kò balẹ̀ ló jẹ́ kó ṣì mí pè.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún olùkọ́? Kí ló dé tí o kò sọ nǹkan kan nígbà tí mo ní àwa méjèèjì la gbé ẹ̀rọ?"

Ó ń fọ ìka rẹ̀ lọ. "Ẹ̀yin nìkan ni Yorùbá tí mo ní níbẹ̀. Bí mo bá bá yín jà, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀?" Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú omi. "Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ti bíríkìlà yẹn dùn mí ju ti ìwé lọ. Mo sọ fún yín pé apá orí ni."

"O sọ fún mi."

"Ẹ sì gbọ́."

"Mo gbọ́."

Kò sọ pé kò burú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì bọ́ sílé lọ bu omi tútù wá fún mi, torí ó rí i pé n kò mu kunu.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá olùkọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìwé àti ti ẹ̀rọ. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. "Iwájú gbogbo ènìyàn lo ti purọ́," ó ní. "Iwájú gbogbo ènìyàn ni kó o ti sọ òótọ́." Mo dìde ní kíláàsì, mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Òun ló ṣe ipò kìíní nígbà tí a parí. Èmi ṣe ipò kẹrin. Ó lọ kàwé sí i, ó ti di olùkọ́ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá báyìí, níbi tó ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà. Èmi ṣì wà ní Kaduna, iṣẹ́ ẹ́síréè ni mo ṣì ń ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ọwọ́ mi bá ti kan ẹ̀rọ láti yí i, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé sùúrù ni.

Ó wá sí Kaduna lọ́dún tó kọjá láti wo ìyá rẹ̀, ó sì yà sí ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Mo se ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ tí àlejò bá dé, ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ìtàn tó ń sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi kékeré, tí mo máa ń bá sọ Yorùbá tí ó máa ń fi Hausa dá mi lóhùn, gun orí itan rẹ̀, ó sì ń kọ́ orúkọ ẹ̀yà ara ní Yorùbá lẹ́nu rẹ̀: ìgúnpá, kókósẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbìyànjú ìyẹn. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo ṣí ìkòkò tí kò nílò ṣíṣí, mo dúró níbẹ̀ títí ooru rẹ̀ fi pa mí lójú.

Ó wá bá mi níbẹ̀. "Àǹtí, ṣé kí n bá yín gbé nǹkan?"

Mo gbé abọ́ ẹran fún un. Nígbà tó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, mo sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ fún un pé kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa nígbà ìsinmi. Ó ní òun á wá. Bí mo ti ń padà wọlé, mo ń bínú sí ara mi pé mo pè é, mo sì ti ń ronú nípa yàrá tí màá tọ́jú fún un.